Alárinà Òṣùpá Irin

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kí ó mú ohun méjì tó ń sáré lójú ọ̀run pàdé lókè ibì kan náà, ní àkókò kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Alárinà. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ṣì wà nínú ìwé ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi pè é.

Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè pátápátá nínú ilé kan tí wọ́n kùn ní funfun nígbà kan rí. Fèrèsé kan ló ní. Àwọn kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì gígùn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Lórí òrùlé ni àwo irin ńlá kan wà tó máa ń gbọ́ ohùn láti òkè. Bí àwo náà bá ń yí ọrùn, ògiri yàrá máa ń gbọ̀n díẹ̀, tíì inú ife Alárinà á sì máa rú bí ojú omi tí atẹ́gùn fẹ́ lù. Kò nílò aago. Bí tíì bá ti ń rú, ó mọ̀ pé Ìyàwó ti yọ.

Ìyàwó ni orúkọ sátẹ́láìtì wọn. Ẹ̀rọ ni, kò tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ. Wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e sókè, ó sì ń yí ayé ká láti ìgbà náà láìdúró. Òṣùpá irin ni ẹ̀gbọ́n Alárinà máa ń pè é. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ, wọ́n fi bébà aláwọ̀ wúrà wé e láti orí dé ẹsẹ̀, ẹnì kan sì pariwo pé, "Ẹ wo ìyàwó!" Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Nísinsìnyí ó ti darúgbó. Bátìrì rẹ̀ kì í gba iná dáadáa mọ́. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ojú kejì kì í rí àwọ̀. Ooru àti òtútù nìkan ló ń rí. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé, bó hu ewú, ìyàwó náà ni wọ́n ń pè é.

Alárinà ti wà nídìí rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó máa ń dijú lórí àga, á sì rí i: ó ń kọjá lórí òkun, lórí aṣálẹ̀, lórí òrùlé àwọn tó ń sá aṣọ, láìsí ariwo kankan. Lọ́hùn-ún kò sí òkè, kò sí ilẹ̀. Gbogbo nǹkan ń ṣubú, kò sì sí èyí tó ń balẹ̀. Nígbà mìíràn, bó bá ń fọ àwo nílé, tí omi ń ṣàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń mọ ibi tí Ìyàwó dé.

Ilé iṣẹ́ mìíràn, ní ìlú tó jìnnà, ní sátẹ́láìtì tirẹ̀. Tuntun ni, ó lágbára, ó ń rí àwọ̀ bí àwòdì. Alárinà ló sọ ọ́ ní Géńdé. Ọ̀nà kan náà ni òun àti Ìyàwó ń tọ̀, Géńdé níwájú, Ìyàwó lẹ́yìn. Bí Géńdé bá kọjá lókè ibì kan, èèyàn á jẹun tán, á fọ àwo tó fi jẹ ẹ́, kí Ìyàwó tó dé ibẹ̀.

Ọkùnrin kan ló ń darí Géńdé. Alárinà kò rí i rí. Ohùn rẹ̀ nìkan ló mọ̀, lórí fóònù. Nítorí pé ọ̀rọ̀ Ìyàwó àti Géńdé ló pa wọ́n pọ̀, àna ni wọ́n ń pe ara wọn.

"Ẹ kú àárọ̀ o, àna wa."

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ìyàwó wa ńkọ́?"

"Ó ń bẹ. Orúnkún ló ń dùn ún."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé Géńdé ń kí i."

"Géńdé tí Ìyàwó tó bí lọ́mọ? Ẹ fi wá lọ́rùn sílẹ̀ o."

"Ìfẹ́ kì í béèrè ọjọ́ orí, mà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní àràárọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì kọjú sí iṣẹ́.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ náà tí kì í wọ àlejò létí. Lójú ọ̀run, ẹni tó bá fẹ́ lé ará iwájú bá kì í sáré. Ńṣe ló máa ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. Bó bá ti fà sẹ́yìn, á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ kúrú ju ti òkè lọ, ẹsẹ̀ sì yá níbẹ̀ ju ti òkè lọ. Kó tó pẹ́, á bá a. Ẹni tó bá sì fẹ́ dúró de ará ẹ̀yìn, iwájú ló máa ti ara rẹ̀ sí. Á gòkè, ọ̀nà á gùn, ẹsẹ̀ á wúwo, ará ẹ̀yìn á bá a. Nígbà tí Alárinà kọ́kọ́ kọ́ èyí, ó lálàá. Nínú àlá náà, ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sílé ìyá rẹ̀, ó sì tètè dé.

Apẹja ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Bọ̀ọ̀dá ló ń pè é. Inú ilé tí bàbá wọn kọ́ sí etí adágún ló ń gbé, òun nìkan, láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní òkèèrè. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kan. Ó sì ní àwọn ọgbà tó fi àwọ̀n ṣe sínú omi, tó ń sin ẹja sí.

Adágún náà jìn. Omi òkè rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibẹ̀ ni ẹja ń gbé. Omi ìsàlẹ̀ tutù, kò sì sí èémí nínú rẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tútù bá dé, omi ìsàlẹ̀ máa ń gòkè níbì kan. Ibi tó bá gòkè sí, ẹja tó lè sá á sá. Èyí tó wà nínú ọgbà àwọ̀n kò ríbi sá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ti léfòó, ikùn wọn á kọjú sókè, funfun bí abọ́.

Ìyàwó lè rí ibi tó tutù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé odò kan ń ti orí òkè wá wọ inú adágún náà. Omi tirẹ̀ náà tutù, kò sì pa ẹja kan rí. Báwo lèèyàn ṣe máa ya òtútù tó ń pani sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kì í pani? Àwọ̀ ni. Omi odò pọ́n, ẹrẹ̀ ló gbé wá. Omi ìsàlẹ̀ dúdú. Géńdé ló sì ń rí àwọ̀. Bí a bá gbé ohun tí Ìyàwó rí lé orí ohun tí Géńdé rí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ jọ wò ó ni. Omi kì í dúró de awòran. Kí èèyàn tó jẹun tán, kí ó tó fọ àwo, afẹ́fẹ́ ti gbé ẹrẹ̀ kúrò níbi tó wà, ó ti gbé e lọ bo òtútù tó yẹ kí á sá fún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Àwòrán méjì tí kò pàdé ni wọ́n fi ya máàpù. Bọ̀ọ̀dá wọ́ àwọn ọgbà rẹ̀ lọ síbi tí máàpù sọ. Ibẹ̀ gan-an ni omi ìsàlẹ̀ gbà yọ.

Bọ̀ọ̀dá kò bínú. Ó ní, "Àbúrò, omi ni. Kì í ṣe ìwọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Alárinà ju èébú lọ. Ó wọkọ̀ lọ sí adágún láti lọ kí i. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó jókòó lórí òkúta ẹnu ọ̀nà títí oòrùn fi yí. Ó ń pe fóònù Bọ̀ọ̀dá, ó sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dún lórí tábìlì nínú ilé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Bọ̀ọ̀dá jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé Alárinà ní ìgboro. Òun náà ti wọkọ̀, ó wá sọ fún un pé kí ó má ronú. Ọkọ̀ méjèèjì á ti kọjá lára ara wọn níbì kan lójú ọ̀nà, bóyá nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ń tòògbé. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, kálukú padà sílé, ọkọ̀ tún kọjá lára ọkọ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún gbéra nínú wọn.

Lọ́dún yìí, bí òjò ṣe ń dínkù, Bọ̀ọ̀dá pè é.

"Àbúrò, mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀."

"Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ mélòó ni mo ní? Bí omi yìí bá tún pa ẹja, màá tà á. Màá ti ilé bàbá wa, màá sì lọ bá ọmọ mi."

"Ẹ ò lè gbé ibi tí kò sí omi, Bọ̀ọ̀dá."

"Omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀."

Alárinà kò rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá kì í fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣàwàdà.

"Àwọn ọgbà yìí wúwo," ni Bọ̀ọ̀dá sọ. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lè wọ́ wọn kí afẹ́fẹ́ tó dé. Sọ ibi tí mo máa wọ́ wọn lọ fún mi. Bí o kò bá mọ̀, má sọ."

Alárinà lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá kéré sí i lọ́jọ́ orí; ẹ̀yin ni wọ́n máa ń pe ara wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi pé ó máa ń rún ìdérí bíírò lẹ́nu títí á fi pẹlẹbẹ.

Ọ̀gá ní, "Epo Ìyàwó ńkọ́?"

Epo tó kù nínú Ìyàwó pín sọ́nà méjì. Ìpín kan wà fún ọjọ́ ìkẹyìn. Òun ni wọ́n á fi darí rẹ̀ wálẹ̀ sórí òkun tí kò séèyàn, kí ó lè jóná lójú ọ̀nà láì jábọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí. Èyí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ìpín kejì ni ti ìrìn, òun ló sì ń gbé e dúró sókè.

"Ìrìn kékeré ni, sà. A ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, á bá Géńdé lókè adágún. Á ṣẹ́ kù."

"Ó dáa, mà. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó bá wọn sọ̀rọ̀.

"Àna, a fẹ́ pàdé yín lókè adágún kan."

"Ohun ayọ̀ nìyẹn. Ẹ má yọra yín lẹ́nu rárá, mà. Géńdé ló máa dúró de Ìyàwó. Ṣebí ìdílé ọkọ ló ń dọ̀bálẹ̀."

"Ẹ ṣeun, àna. Ṣùgbọ́n àwa la ni ọ̀rọ̀, àwa la máa wá bá yín."

"Ká má rí i! Ìyàwó tí orúnkún ń dùn?"

"Ẹ fi sílẹ̀, àna."

"Ẹ̀yin náà, ẹ fi sílẹ̀, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Alárinà sọ lọ́kàn rẹ̀ pé ọmọ tó kọ́ ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí á gbà á. Àna, ní tirẹ̀, sọ lọ́kàn pé àgbà ni màmá yìí. Àgbà kì í gba ọrẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀kejì ló máa ń gbà á. Kálukú wọn kọ̀wé sí ara wọn, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ti wí. Ohun kan náà ló wà nínú ìwé méjèèjì: "Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ ọ́." Kálukú kà á, inú kálukú sì dùn.

Òfin kan wà nínú yàrá Alárinà. Ẹni tó bá fẹ́ fi àṣẹ ránṣẹ́ sókè gbọ́dọ̀ kà á síta, ẹnì kejì á sì tún un sọ kí ó tó fi í lọ. Alárinà ka àṣẹ, ọ̀gá tún un sọ. Wọn kò ṣe irú rẹ̀ fún àna. Ta ló ń ní kí àna tún ọ̀rọ̀ sọ?

Ìyàwó fà sẹ́yìn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Lójú ọ̀nà kan náà, Géńdé ti ara rẹ̀ síwájú. Ó gòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Lókè òkun kan níbi tí ẹnikẹ́ni kò wo nǹkan kan, Ìyàwó gba abẹ́ Géńdé kọjá, jẹ́jẹ́, bí aṣọ tó bọ́ lórí okùn. Ìyàwó kọ́kọ́ dé orí adágún. Kí Géńdé tó dé, èèyàn á ti jẹun tán, á ti fọ àwo.

Nígbà tí àwòrán méjèèjì jáde sójú kọ̀ǹpútà, Alárinà wò wọ́n títí. Omi pupa wà níbì kan, òtútù wà níbòmíràn, wọn kò mọ ara wọn rí. Kì í ṣe adágún ló ń rí mọ́. Ilẹ̀kùn títì ló ń rí, àti òkúta ẹnu ọ̀nà.

Fóònù dún.

"Mà," ni Àna wí. Kò kí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rìn?"

"Àwa ni."

Àna ṣí ìwé rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwa náà rìn."

Alárinà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kò là. "Àna, ẹ̀kọ́ ilé ló pa wá."

"Ẹ má bínú, mà."

"Ẹ̀yin náà, ẹ má bínú. Ẹ ò rí i? A tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ìgbà yìí, wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Ìyàwó ló wà níwájú báyìí, Géńdé ló wà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn án, Ìyàwó á yí títí á fi tún bá Géńdé láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àsìkò omi á ti kọjá. Géńdé ti ní àdéhùn lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, kò sí ààyè fún un láti tún ẹsẹ̀ gbé. Nítorí náà, Ìyàwó ló gbọ́dọ̀ dúró. Láti lè dúró, ó gbọ́dọ̀ ti ara rẹ̀ síwájú, kí ó gòkè. Epo ìrìn tó kù tó o. Kò ní ṣẹ́ ẹ̀kán kan kù.

Alárinà kò lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn. Ó jókòó. Àwo orí òrùlé yí, ó tún padà, ife tíì rú, ó tún dákẹ́. Ó rò ó pé bí òun kò bá wí nǹkan kan, Ìyàwó á ṣì máa yọ ní àràárọ̀ fún ìgbà pípẹ́, òun á máa mu tíì, òun á máa bá Àna ṣe ẹ̀fẹ̀. Bọ̀ọ̀dá á máa gbé ibi tí omi ẹ̀rọ wà. Ilé bàbá wọn á dákẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ ìrì á máa sẹ̀ sára ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó máa nù ún. Ó dijú. Ó rí Ìyàwó, ó ń lọ nínú òkùnkùn, ara rẹ̀ ń tàn níbi tí bébà wúrà kò tíì ya. Kò béèrè nǹkan kan. Kò béèrè nǹkan kan rí.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá ọ̀gá.

Ọ̀gá yọ bíírò lẹ́nu. "Ẹ mọ̀ pé bí a bá lo èyí, a ó mú un wálẹ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Yàrá òkè yìí ńkọ́? Iṣẹ́ yín ńkọ́?"

"Wọ́n á rí nǹkan fi yàrá ṣe. Èmi náà, wọ́n á rí nǹkan fi mí ṣe."

"Ẹ ti bá Ìyàwó gbé ju bí mo ṣe bá ìyàwó mi gbé lọ."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi lè gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, sà. Kí ló ń ṣe lókè bí kò bá rí nǹkan tí kò sẹ́lòmíràn tó lè rí i? Kò lọ síbẹ̀ lọ dàgbà."

Ọ̀gá wo ìdérí bíírò rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló rún un. Ó ní, "Tiyín ni kò jọ tèmi. Ìyàwó tèmi kì í dúró de ẹnikẹ́ni." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ fi í lọ."

Alárinà pe Àna.

"Àna, ẹ gbọ́. Ìyàwó ló ń rìn. Géńdé jókòó sílé."

"Mo gbọ́, mà."

"Ẹ tún un sọ."

"Àbí?"

"Ẹ tún un sọ, àna. Mo mọ̀ pé kò bójú mu."

"Ìyàwó ló ń rìn. Géńdé jókòó sílé."

"Ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ẹ̀yin mà! Géńdé jókòó sílé. Mo ti so ó mọ́ àga."

"Olúwa á bù kún yín."

Ó ka àṣẹ síta. Ọ̀gá tún un sọ. Àṣẹ lọ. Ìyàwó ti ara rẹ̀ síwájú, ó gòkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Alárinà ń wo nọ́ńbà lójú kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ara wọn, bí ìgbà tí èèyàn ń wo àlejò láti òkèèrè, tí kò tíì mọ ẹni tí í ṣe, ṣùgbọ́n tó mọ ìrìn rẹ̀.

Àárọ̀ ìpàdé náà mọ́. Afẹ́fẹ́ tútù àkọ́kọ́ ti fẹ́, díẹ̀, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn wò. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò lè pàṣẹ fún ni ìkùukùu. Bó bá bo adágún, ojú méjèèjì á kàn rí funfun. Alárinà pe Bọ̀ọ̀dá.

"Ẹ wà níbo?"

"Inú ọkọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọgbà."

"Òkè ńkọ́?"

"Ìkùukùu kan wà lápá òkè odò. Ó ń lọ."

"Ó ń lọ ibo?"

"Ṣé èmi ni mo rán an níṣẹ́? Ó ń lọ."

Alárinà ń gbọ́ omi tó ń lá ara ọkọ̀. Ó dijú. Ọ̀nà kan ń bọ̀ láti apá àríwá, òmíràn ń bọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n ń sún mọ́ra bí ìka méjì tó fẹ́ mú abẹ́rẹ́. Ife tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rú.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ti dé."

"Níbo? Mi ò rí nǹkan kan."

"Ẹ ò lè rí wọn. Wọ́n ń wò yín."

"Ní báyìí?"

"Ní báyìí."

"Àwọn méjèèjì?"

"Àwọn méjèèjì."

"Ṣé kí n juwọ́?"

"Ẹ juwọ́."

Ó gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe mì. Àgbàlagbà ọkùnrin dìde láàárín omi, ó ń juwọ́ sí ojú ọ̀run tó ṣófo. Ọ̀gá, tó dúró lẹ́yìn àga, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó rí Alárinà tí ọwọ́ rẹ̀ gòkè, tó ń jù ú sí kọ̀ǹpútà. Tíì dákẹ́ nínú ife.

Àwòrán méjèèjì dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Alárinà gbé ọ̀kan lé orí èkejì. Wọ́n bára mu bí ọmọrí àti ìkòkò. Òtútù méjì wà lórí adágún. Ọ̀kan wà ní ẹnu odò, ó pupa rokoko: ẹrẹ̀. Èkejì kéré, ó dúdú, ó wà láàárín omi kedere tí gbogbo apẹja fẹ́ràn. Ọgbà àwọ̀n Bọ̀ọ̀dá kò jìnnà sí i rárá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wọ́ wọn lọ sí ẹnu odò."

"Inú ẹrẹ̀? Bàbá wa kò da àwọ̀n síbẹ̀ rí."

"Bàbá wa kò sin ẹja rí."

"Ṣé o mọ̀, àbí o rò?"

Alárinà wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Mo mọ̀."

Bọ̀ọ̀dá kò tún béèrè. Ó wọ́ wọn, ó ń bú ẹrẹ̀, ó ń bú okùn, ó ń bú àbúrò tó kàwé. Àwọn apẹja tó rí i fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní àwọn kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ dé ní tirẹ̀, ó fẹ́ títí, omi yí padà. Nígbà tí ó rọlẹ̀, àwọn tó dúró sínú omi kedere kó ẹja funfun. Nínú àwọn ọgbà Bọ̀ọ̀dá, ẹja ń tọ sókè, ẹrẹ̀ ń ta sí i lójú.

Ó pe Alárinà. Ó ní, "Wọ́n ń tọ." Ohun tó sọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọkùnrin tó fẹ́ ra ọkọ̀ wá. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n mú Ìyàwó wálẹ̀ lọ́jọ́ kan tí oòrùn ràn. Alárinà ka àṣẹ síta. Ọ̀gá tún un sọ. Àna wà lórí fóònù, kò ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìyàwó fà sẹ́yìn, ó sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ó ń yá sí i. Ó jóná lórí òkun, níbi tí kò sẹ́ni tó ń wòkè. Bóyá ẹja wò ó.

"Géńdé ní kí n kí yín kú àṣẹ̀yìndè, mà," ni Àna wí nígbà tó yá.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó má pẹ́ kó tó fẹ́ òmíràn."

Ọ̀la rẹ̀, Alárinà wá síbi iṣẹ́. Ó po tíì. Àwo orí òrùlé yí ọrùn ní àkókò rẹ̀, nítorí kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má yí mọ́. Tíì rú nínú ife. Alárinà wò ó títí ó fi dákẹ́, ó mu ún.

Ìgbà náà ni Bọ̀ọ̀dá pè.

"Àbúrò, mo gbọ́ pé o ṣòfò."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ṣé mi ò mọ òṣùpá irin rẹ ni? Mò ń bọ̀ wá kí ọ."

Alárinà dìde lórí àga. "Rárá o. Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́. Èmi ni mò ń bọ̀. Ẹ jókòó sílé."

"Mo ti wọ bàtà."

"Ẹ bọ́ ọ."

"Mo ti dé ẹnu ọ̀nà."

"Ẹ padà sínú ilé. Èmi ló ń rìn, ẹ̀yin lẹ jókòó. Ẹ tún un sọ."

"Kí n tún kí ni sọ? Ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni wá."

"Ẹ tún un sọ, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gbọ́ bí bàtà kan ṣe balẹ̀ lórí pákó, lẹ́yìn náà, èkejì.

"Ìwọ lò ń rìn," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Èmi jókòó sílé."

"Ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ṣùgbọ́n ó ti ń wá báàgì rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.